Gálílì Etí Ọ̀sà

"Bàbá Kọ́mpìnì, ẹsẹ̀ mi lò ń bomi rin yìí o. Ẹsẹ̀ mi kì í hu òdòdó."

Fàlílátù ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bólúwají kò gbọ́ ọ. Rọ́bà omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń tú jáde, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́nu géètì ọgbà, níbi tí bọ́ọ̀sì gígùn méjì ti ń yà wọlé tàtẹ́wọ́ torin. Aṣọ funfun fífẹ̀ kan ni wọ́n so mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé: GÁLÍLÌ ỌDÚN YÌÍ. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ìjọ wà, àti àdúgbò tí ìjọ ọ̀hún wà: Agríìkì, Ìkòròdú.

"Ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ yẹn," ló wí.

Fàlílátù yíjú sí géètì, ó tún yíjú sí i. "Ìyàwó wo? Èyí tó rò pé o wà níbi iṣẹ́?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, Ìyá."

"Ẹyọ kan ṣoṣo náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ yìí. Ju rọ́bà yẹn sílẹ̀."

Ó fà á lápá aṣọ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹlẹ́gẹ́, ó tì í wọnú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ sí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn ń lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìbíjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti ń sọ ọ́ nínú ilé pé etí omi Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni ìjọ yóò ti ṣe fàájì Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, pé bàbá ìjọ ti rán ènìyàn lọ wo ibẹ̀, pé bí Bólúwají bá lè tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó bá àwọn lọ. Ọdún kẹrìnlélógún nìyí tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bá a lọ Gálílì rí. Bólúwají ní ọjà pọ̀ nílẹ̀ ní kọ́mpìnì, pé àwọn kò ní ìsinmi. Ó wá sáré wá sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni kò ní rí òun.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń sáré bẹ́ẹ̀. Láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, á wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀rá sí lẹ́yìn, á gbé báàgì kọ́ apá, á lọ dúró ní ibi tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé e. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti kọjá, òun náà á kọjá. Ilé iṣẹ́ náà ti ra ẹ̀rọ tuntun tí ènìyàn méjì lè tọ́jú dípò mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n pín ìwé fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Wọn ò jẹ́ kó padà wọlé lọ mú bàtà rẹ̀.

Irọ́ àkọ́kọ́ kò jọ irọ́, ó kàn dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣífù kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi dídákẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru: kò sí ìyàwó òṣìṣẹ́ kan ní Ìkòròdú tí kò mọ ọ̀sẹ̀ òru ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ òru bá kàn án, níbo ni ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta yóò wà láti alẹ́ di ojúmọ́? Ọgbà wo ló ń ṣí lóru? Ló bá sọ fún Ìbíjọkẹ́ pé wọ́n ti fi òun ṣe súpáfáísọ̀, pé súpáfáísọ̀ kì í ṣe ṣífù òru.

Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí. Ó sọ ọ́ pé ọkọ òun ti fi ẹ̀yìn ru ọ̀rá fún ọdún mọ́kàndínlógún, pé Ọlọ́run ti wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ìjọ hó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Ìyá Súpáfáísọ̀. Bólúwají wà lórí àga ẹ̀yìn, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Owó tí wọ́n fi lé e jáde ló ń bù sílé lópin oṣù bí ẹni gba owó iṣẹ́, ó sì ti ń rí ìdí àpò náà.

Ọgbà kan ní Ìkòròdú ló kọ́kọ́ ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ onílé rẹ̀ kí i. Ó gbéra, ó bá ọ̀nà Ìtòìkín lọ, ó di Ẹ̀pẹ́.

Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti fojú kan etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò ní dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Níbi tí àwọn apẹja ti ń sá àwọ̀n, tí ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ níhòòhò tí ìyá wọn ń fi pàṣán lé wọn, wọ́n ti tẹ́ bíríkì síbẹ̀, wọ́n gbin koríko, wọ́n to àga gbọọrọ kọjú sí omi. Atẹ́gùn nìkan ni apá wọn ò ká. Òórùn ẹja yíyan náà ló ṣì ń gbé wá láti ọ̀nà ọjà, bó ti ń gbé e wá kí a tó bí ẹni tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ọgbà náà lélẹ̀. Tọkọtaya á wá, wọ́n á ya fọ́tò. Àwọn arúgbó á na ẹsẹ̀ láàárọ̀. Ọmọléèwé á sá kiri. Láàárín gbogbo wọn ni Bólúwají ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ lẹ́rán. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyà wà nínú kí ènìyàn jókòó síbi ìgbádùn lójoojúmọ́. Ìgbà mìíràn wà tí á dìde dúró létí omi, á máa wo ìsàlẹ̀, á máa rò ó pé ọ̀sà kò bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Fàlílátù, olùtọ́jú ọgbà, kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja.

"Kọ́mpìnì wo ló ń sanwó fún ọ pé kí o máa jókòó?" ló bi í. "Kí n mú àbúrò mi lọ síbẹ̀. Ìjókòó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Bólúwají sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò mọ ohun tó mú òun sọ ọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ju rọ́bà omi sí i lẹ́sẹ̀. "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bá mi bomi rin òdòdó." Láti ìgbà náà ló ti di òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fàájì a máa bi í pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà, á sì fi hàn wọ́n.

Nísinsìnyí, láti ojú fèrèsé onígíláàsì pélébé-pélébé tó wà lára yàrá ọkọ́ àti ìgbálẹ̀, ó ń wo ìjọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ kúlà oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá Ọláògún, bàbá ìjọ, ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà. Fàlílátù pàdé wọn lọ́nà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," ni Bàbá Ọláògún wí. "Ìbẹ̀ṣẹ̀ la ti ń bọ̀. Ìjọ mẹ́ta ló ti gba etí omi ibẹ̀ kí a tó dé. Ọlọ́run ló ní kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ọlọ́run ò tíì sọ fún èmi," ni Fàlílátù dáhùn, "ṣùgbọ́n àyè wà. Kí àwọn ọmọ yín má ṣáà já òdòdó mi."

"Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín tí mo rí láti inú ọkọ̀ ńkọ́, kó wá bá wa gbé kúlà?"

"Ó ti lọ jẹun."

Fóònù gbọ̀n lápò Bólúwají. Ó yọ ọ́. Ìyá Àánú, ìyàwó rẹ̀, ló ń pè é. Ó gbójú sókè, ó sì rí i gan-an, ní nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ sí ibi tí òun wà, tó gbé fóònù sétí, tó ń fi ọwọ́ kejì di gèlè mú nítorí atẹ́gùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù tí kò dá a lóhùn. Bólúwají di èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà títí ó fi dákẹ́.

"Wọn ò gbé e?" ni obìnrin kan bi í.

"Ariwo ẹ̀rọ ni," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ sọ fún wọn pé Ẹ̀pẹ́ la bá ara wa ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n fa okùn, àwọn ọkùnrin ṣubú lé ara wọn. Wọ́n fi ẹyin sórí ṣíbí, àwọn ìyá ìjọ tò sí ojú ìlà. Ìbíjọkẹ́ ká ìró rẹ̀ sókè, ó mú ṣíbí lọ́wọ́, ó sì sáré. Bólúwají kò mọ̀ pé obìnrin yìí ṣì lè sáré. Nínú ilé, ẹ̀yìn máa ń dùn ún, orúnkún máa ń dùn ún. Níhìn-ín, ó ń fò lórí koríko bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn tó kù ń pariwo pé ó fi àtàǹpàkò di ẹyin mú.

"Ìyá Súpáfáísọ̀, ojóró nìyẹn."

"Ẹ lọ pe súpáfáísọ̀ kó wá dájọ́," ló dáhùn, ẹ̀rín sì gbé e débi pé ẹyin náà bọ́, ó fọ́.

Ọkùnrin tó wà nínú òkùnkùn wò ó, ó sì mọ̀ pé ayọ̀ yẹn, orí irọ́ òun ló dúró lé. Bí irọ́ ọ̀hún bá yẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló máa ṣubú. Obìnrin yìí ló dúró níwájú pẹpẹ tó pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n á ní obìnrin náà ló purọ́ nínú ilé Olúwa. Ó jókòó sórí àpò ajílẹ̀, ó gbé orí sọ́wọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Fàlílátù gba ẹ̀yìn wọlé. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà.

"Wọ́n ti ń bu ìrẹsì," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sí ẹni tí yóò gbójú sókè títí di wákàtí kan. Gba ẹ̀yìn ibí, bá etí omi lọ, wàá já sí ọjà ẹja. Wàá rí ọkọ̀ níbẹ̀."

Bólúwají gbé báàgì rẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Òjìji ògiri yàrá náà ni Ìbíjọkẹ́ àti ọmọbìnrin kan wá jókòó sí láti jẹun. Bólúwají mọ ohùn ìkejì náà: Fẹ̀hìntọlá, opó tó ń gbé ẹ̀yìn ilé ìjọ, tó ń fọ ilé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkòròdú.

"Mọ̀mí, mo ti kọ lẹ́tà náà," ni Fẹ̀hìntọlá ń wí.

"Lẹ́tà iṣẹ́?"

"Èyí tí n óò fi kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àárọ̀ ọ̀la ni n óò gbé e fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, mà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi ti wà nílẹ̀, àbúrò máníjà ni. Tí mo bá ti fi lẹ́tà sílẹ̀ báyìí, n ò lè padà mọ́."

"Kí lo fẹ́ padà lọ ṣe? Ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀mùtí tí ò ń fọ̀ kò tíì sú ọ? Mo ní mo ti bá Bàbá Àánú sọ ọ́. Ẹ̀ka ìdìpọ̀ ni wọ́n máa fi ọ́ sí. O ò ní dúró lórí ẹsẹ̀, ìjókòó ni wọ́n ti ń di ọ̀rá."

"Wọ́n gbà, mà?"

"Wọ́n ní 'màá wò ó.' O mọ̀ pé ọkùnrin tí wọ́n bá ti fi jọ̀gá, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tí súpáfáísọ̀ bá ti ní 'màá wò ó,' ó ti parí nìyẹn."

"Ọmọ méjì ló wà lọ́rùn mi, Mọ̀mí."

"Ọmọ méjì náà ni mo wò tí mo fi la ẹnu."

Bólúwají rántí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, ó ń bọ́ bàtà, ó kọ̀yìn sí i. Ìbíjọkẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ opó kan, òun sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́mpìnì tán nílé, ó ní màá wò ó. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Kò ronú lé e ju bí ènìyàn ṣe ń ronú lé 'ó dàárọ̀' lọ. Irọ́ tí òun tìtorí ṣífù òru pa ti dàgbà, ó ti fẹ́ wọ ilé opó lọ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ.

Ó ṣì dúró, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde. Fàlílátù náà ti gbọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"O lè pe ìyàwó rẹ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Sọ fún un pé àyè iṣẹ́ ti kún. Ẹni kankan kò ní mọ̀."

Ó rò ó. Ohun tó dùn ún ni pé ó rò ó dáadáa, ó tiẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: wọ́n ti gba ènìyàn tán, kó dúró di oṣù tó ń bọ̀. Á tún wá wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní oṣù tó ń bọ̀.

"Ìyá, rárá," ló wí. "Ẹ bá mi ṣí ti iwájú."

"Ó kéré tán, bọ́ aṣọ yẹn."

"Mi ò ní òmíràn lábẹ́ rẹ̀."

Fàlílátù wò ó tìyanutìyanu, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un.

Ìmọ́lẹ̀ gbá a lójú; aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn inú yàrá náà. Ó yí igun ògiri, ó sì bá ara rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ìbíjọkẹ́. Fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ bò ó, ayọ̀ tó pọ̀ débi pé Bólúwají fẹ́ sá padà.

"Bàbá Àánú. Ẹ rí ìpè mi." Ó ti dìde, ó ti dì í mú lápá, ó sì kọjú sí àwọn tó ń jẹun lábẹ́ igi fúrúùtù. "Ẹ wá wo ọkọ mi o. Wọ́n fi kọ́mpìnì sílẹ̀, wọ́n tọ̀ wá wá sí Gálílì."

Orin bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó dá a. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń jó bọ̀. Bàbá Ọláògún fi ọ̀pá lélẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ipò dára," ló wí. "Nígbà tó wà nídìí ẹ̀rọ, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Súpáfáísọ̀ ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ta ni yóò bi í pé níbo lò ń lọ?"

"Aṣọ wọn mà tutù," ni ẹnì kan wí.

"Òjò á ti pa wọ́n lọ́nà Ìtòìkín," ni òmíràn dáhùn. "Ẹ bu oúnjẹ fún wọn."

Kò tiẹ̀ ní láti la ẹnu. Wọ́n ń bá a pa irọ́ náà, wọ́n ń fi tìfẹ́tìfẹ́ pa á, wọ́n ń gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àwo ìrẹsì. Ọwọ́ Ìbíjọkẹ́ gbóná lápá rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dúró pẹ̀lú rẹ̀ níbi fàájì. Bólúwají rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó dùn.

Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ bá mi gbé e. Ọlọ́run á gbé tiyín."

"Dìde," ló wí. Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, jọ̀ọ́. Má gbé lẹ́tà yẹn lọ."

"Sà?"

"Dúró síbi iṣẹ́ rẹ. Mi ò sí ní kọ́mpìnì mọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti dá mi dúró. Mi ò ṣe súpáfáísọ̀ rí. Ọgbà yìí ni mo máa ń wá."

Àwọn tó wà nítòsí dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì gbọ́, wọ́n ń kọrin wọn lọ, àtẹ́wọ́ ń ró, títí ẹnì kan fi yíjú padà, tó fi ìka sétè. Orin náà kú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fẹ̀hìntọlá dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọn koríko kúrò lórúnkún rẹ̀, ó ń gbọn ibi tí koríko kò sí.

Ìbíjọkẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá ọkọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó wo Bàbá Ọláògún, ó wo àwọn obìnrin tó sọ ọ́ lórúkọ, ó sì wo ilẹ̀.

"Mo dúró níwájú ìjọ," ló wí. "Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ń pàtẹ́wọ́."

Bàbá Ọláògún gbé ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn padà sídìí oúnjẹ wọn, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Wọ́n padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹun.

Ìbíjọkẹ́ rìn lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn àga etí omi, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ọkọ̀ apẹja kan ń kọjá lọ lókèèrè. Bólúwají tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, ó dúró, kò lè jókòó.

Obìnrin náà kò yíjú nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin lẹ máa jáde síwájú. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Mi ò ní bá yín dá sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sílé," ló wí. "Èmi náà á wà níbẹ̀."